Ọgbọ̀n Ọdún Nídìí Òkúta, àti Ilẹ̀kùn Kan ní Pieve

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ń parí liceo, ilé-ìwé girama, ní Padova bi mí nínú ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ìyàwó mi pé, "Bàbá Tíṣà, iṣẹ́ wo gan-an lẹ ṣe?" Ìyá rẹ̀ ní kó yé da àgbà láàmú, kó wá bá òun gbé gàrí. Mo ní kò dà mí láàmú. Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ ló kàn gùn ju ìlà tí àwọn oníbàárà tò lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, àti fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹ ń rò ó pé kí lẹ máa fi ayé yín ṣe.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa mú èèyàn rìn nínú ìlú kékeré, kí n sì sọ bí ìlú náà ṣe di ìlú fún wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè mí ní amọ̀nà. Mo máa ń tún un ṣe fún wọn díẹ̀: amọ̀nà ń fi ọ̀nà hàn ni, èmi ń kọ́ èèyàn bí a ṣe ń ka ìlú bí ẹni ń ka ìwé. Roma àti Venezia kò nílò mi, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ wọn ti pọ̀ jù. Ìlú tí ọkọ̀ ojú irin kì í dúró ju ìṣẹ́jú kan lọ, tó jẹ́ pé bar kan, ilé ìjọsìn kan àti farmacia kan tí wọ́n ti ń ta oògùn ló wà níbẹ̀, òun ni tèmi.

Mo ti ṣe tíṣà nílé, ní Ìkirè, fún ọdún mẹ́sàn-án. Bí mo ṣe dé Torino, àti bí mo ṣe rí permesso, ìwé ìgbélùú, gbà, ẹ ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àwọn òbí yín, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ẹ jẹ́ ká fo owó oṣù náà: kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó bọ́ ọmọ mẹ́ta. Mo ń gbálẹ̀ nínú yàrá ìkàwé ẹgbẹ́ kan tó ń mú àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ wo àwọn ìlú kéékèèké. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan bá mi níbi tí mo fara ti ìgbálẹ̀, tí mo ń wo àwòrán ilẹ̀ kan lára ògiri. Kò béèrè ohun tí mo ń ṣe. Ó béèrè ohun tí mo rí. Mo ní mo rí i pé gbogbo ọ̀nà ìlú yẹn pàdé níbi kànga, kì í ṣe níwájú ilé ìjọsìn. Ó wò mí títí, ó wá ní kí n bá òun gbé àpò lọ́jọ́ Sátidé.

Maestra Bruna lorúkọ rẹ̀. Tíṣà ni òun náà kó tó fẹ̀yìn tì, ó kúrú, ó gbẹ, ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan kan. Ọdún méjì gbáko ni mo fi gbé àpò fún un láìsọ̀rọ̀ níwájú àlejò kankan. Ẹ̀yin ọmọ òní lè sọ pé ìyà nìyẹn. Kì í ṣe ìyà. Ẹni tó ń kánjú sọ̀rọ̀ kì í ríran dáadáa.

Lákòókò òtútù, ó lè mú mi dúró níwájú àtẹ̀gùn ilé kan fún wákàtí kan, kó ní, "Ó sọ pé kí ni?" Ìgbà àkọ́kọ́, mo ní kò sọ nǹkan kan. Ó ní ká tún dúró. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán ni mo tó rí i pé apá òsì àtẹ̀gùn náà ti jẹ, apá ọ̀tún kò jẹ. Ó bi mí pé kí ló wà lápá òsì ìlú náà. Ilé ìlọkà ni. Àwọn tó ń gbé ìlú náà ń ti ibẹ̀ bọ̀ nírọ̀lẹ́, bàtà wọn wúwo. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà bí ẹni tó rí ọmọ rẹ̀ tó kọ́kọ́ rìn.

Òfin rẹ̀ kò ju méjì lọ. Èkíní: wò ó, bi wọ́n, kí o tó sọ ọ́. Èkejì: ọ̀rọ̀ tí kò bá ní ẹlẹ́rìí méjì kò gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu rẹ níwájú àlejò. Òkúta lè jẹ́ ẹlẹ́rìí, ìwé lè jẹ́ ẹ, arúgbó lè jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ pé méjì.

Kò fọwọ́ kékeré mú àkókò. Lọ́jọ́ kan mo pẹ́ ìṣẹ́jú kan dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin Porta Nuova ní Torino. Ọkọ̀ ti ń lọ. Mo rí ojú rẹ̀ lójú fèrèsé, kò bínú, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń wo èmi àti àpò tí gbogbo ìwé rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo rò pé mo ti ba ọjọ́ náà jẹ́ fún un. Nígbà tó yá ni mo gbọ́ pé ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta láti orí wá, kò sì ṣi nǹkan kan. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ó ní, "Èmi kò nílò àpò yẹn, Tíṣà. Ìwọ lo nílò rẹ̀." Láti ọjọ́ náà, èmi ni mo ń kọ́kọ́ dé ibùdó ọkọ̀ jù.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí tí òun náà kọ́ lọ́dọ̀ mi. Bí a bá dé ìlú kan, òun a lọ bá arúgbó tàràtà, a béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Arúgbó a dáhùn ní ẹyọ kan, a pa ẹnu dé. Èmi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ kí i: ṣé ó sùn dáadáa, orúnkún ń kọ́, àwọn ọmọ ń kọ́, ọgbà àjàrà ń kọ́. Maestra a máa wo aago. Ní ìlú kẹta, ó rí i pé àwọn àgbààgbà ti ń gbé àga fún mi. Ó yọ ìwé ìléwọ́ rẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ kan sókè àwọn òfin rẹ̀, ó fi hàn mí: "Kí wọn ná."

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa ṣí ẹ̀ka sí Padova, èmi ni wọ́n fi síbẹ̀. Níkẹyìn, mo di ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Mo mú àwọn ọmọ wa gba Via Anelli, òpópónà kan ní Padova, kọjá, mo sọ fún wọn pé ògiri ti wà níbẹ̀ rí láàárín àwọn bí àwa àti àwọn aládùúgbò, pé ìtàn nìyẹn náà, kì í ṣe ìtìjú. Mo mú wọn lọ sí àwọn ìlú orí òkè, sí etí odò, sí abúlé tó wà láàárín wa àti Verona. Níbẹ̀ ni Pieve wà. Orúkọ rẹ̀ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n Pieve tó fún wa. Ibẹ̀ náà ni mo ti ṣubú.

Ọjọ́ Sọ́ńdè ni, ẹ̀ẹ̀rùn ni, àwọn àlejò mi sì jẹ́ ogójì èèyàn, ìdajì wọn jẹ́ èèyàn wa láti Torino. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn èèyàn mi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn mi, orí mi sì wú díẹ̀. Ní ìparí ọ̀nà kan, a dé iwájú ilé ńlá kan. Igi ọ̀pọ̀tọ́ ti borí ògiri rẹ̀. Lókè ilẹ̀kùn, ihò kékeré kan wà tí wọ́n kùn ní búlúù, tí ère Màríà wà nínú rẹ̀, bó ṣe wà lókè gbogbo ilẹ̀kùn Pieve. Ilẹ̀kùn náà wà ní títì, koríko sì ti hù lórí àtẹ̀gùn.

Nílé wa, ẹ mọ̀ pé ilẹ̀kùn iwájú ilé bàbá ẹni kì í wà ní títì títí koríko fi hù níbẹ̀. Bí gbogbo ọmọ bá lọ sí òkèèrè, wọ́n á fi ẹnìkan sílẹ̀ tí yóò máa ṣí i láàárọ̀. Ọjọ́ tí koríko bá hù lẹ́nu ọ̀nà la mọ̀ pé ilé ti dahoro, pé ìdílé ti tán. Ojú yẹn ni mo fi wo ilé Pieve. N kò kí ẹnikẹ́ni, n kò bi ẹnikẹ́ni. Mo kọjú sí ogójì èèyàn, mo ní ní èdè Italy tó já gaara pé, "Ìdílé tó ni ilé yìí ti run. Kò sí ẹnikẹ́ni mọ́."

Ní òdìkejì ọ̀nà, obìnrin kan jókòó lábẹ́ ìbòòji, ó ń bó ẹ̀wà tútù sínú abọ́. Ó gbé abọ́ náà sílẹ̀. Ó ní, "Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni mọ́, èmi tí mo jókòó yìí ń kọ́?"

Signora Elide ni. Ẹ̀yìn ilé yẹn gan-an ló ń gbé, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló sì ń gbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo, Gino, ti wọ ọkọ̀ ojú omi ní Genova lọ sí Australia nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn iwájú wà nínú àpò rẹ̀ lọ́jọ́ tó lọ, ó gbàgbé láti dá a padà. Ìyá wọn kọ̀, kò jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ àgádágodo. Ó ní Gino ni yóò ṣí i. Lẹ́tà rẹ̀ wá fún ọdún méjì, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ìyá náà ti kú tipẹ́. Elide kò pààrọ̀ àgádágodo. Bí ẹnìkan bá sọ níwájú rẹ̀ pé ìdílé ti run, ohun tó ń sọ ni pé Gino ti kú.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, gbogbo bar ti gbọ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa pé wọn kò fẹ́ rí ẹsẹ̀ wa ní Pieve mọ́. Maestra Bruna wọ ọkọ̀ ojú irin láti Torino lọ́jọ́ kejì, ó sì bi mí pé ta ni mo bi léèrè. Mo ní n kò bi ẹnikẹ́ni.

Ó ní, "Nígbà náà, o kò ka ilé yẹn. Ìwọ lo kọ ọ́."

Ó mú mi padà sí Pieve kí n lọ tọrọ àforíjì. Ó ti kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ tí màá sọ, ó ní kí n dúró gbọnrangandan, kí n wo ojú obìnrin náà. Signora Elide ń ti ilé ìjọsìn bọ̀, àwọn èèyàn kún piazza, gbàgede ìlú. Nígbà tí mo rí i, gbogbo ọ̀rọ̀ Maestra fò lọ lórí mi. Ohun tí bàbá mi kọ́ mi nìkan ló kù. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi kan òkúta.

Wọ́n rò pé mo dákú. Ẹnìkan ń pe ambulanza, ọkọ̀ aláìsàn. Oníṣẹ́ farmacia sáré jáde pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ó sì ti ń ká apá aṣọ mi sókè. Maestra ń sọ pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ìkíni ni," kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Láti ìsàlẹ̀ tí mo wà, bàtà Signora Elide nìkan ni mo ń rí. Mo sọ fún bàtà náà pé mo ṣẹ̀, pé n kò béèrè.

Ó ní, "Dìde, aṣọ rẹ ń dọ̀tí." Nígbà tí mo dìde, ó ní wọ́n ní mo mọ bí a ṣe ń bi òkúta léèrè ọ̀rọ̀. "Ó dáa. Lọ bi wọ́n léèrè Gino."

Oníṣẹ́ farmacia ní kò burú, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí òun ti gbé ẹ̀rọ jáde, kí n jẹ́ kí òun wọn ìfúnpá mi. Ó ga.

Báyìí ni iṣẹ́ mi ṣe di méjì: ti àlejò, àti ti Gino. Elide yá mi ní lẹ́tà tó kẹ́yìn wò. Kò ní àdírẹ́sì. Òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ti parẹ́, lẹ́tà mẹ́rin péré ló kù nínú orúkọ ìlú náà. Nínú rẹ̀, Gino ní òun ń ṣiṣẹ́ lójú irin, pé ilẹ̀ ibẹ̀ pupa bíi bíríkì, pé òun ti gbin àjàrà.

Àárín ìgbà yìí ni irinṣẹ́ wa yí padà. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsùlù, nítorí Maestra ní tàdáwà máa ń ṣàn bí òjò bá rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ kékeré tí àlejò ń fi sí etí dé, tí mo lè sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá gbọ́. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Fóònù wá dé, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ń rí ọdún tí wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn kí n tó la ẹnu. N kò bá wọn jà. Mo kàn máa ń ní kí wọ́n wo òkúta òkè ilẹ̀kùn, kí wọ́n wá sọ fún mi bí méjèèjì bá bára mu. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò bára mu.

Fóònù yẹn náà bá mi rí Gino kan. Orúkọ kan náà, ó ti kú ní ìlú ńlá kan ní Australia. Ọmọ mi ọkùnrin, Fẹ́mi, tó bá mi wá a, ní, "Papà, è lui," òun náà nìyẹn, kí n lọ sọ fún màmá yẹn kí n sinmi. Ẹlẹ́rìí kan ni. N kò sọ. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, a rí i pé ọmọ Genova ni ọkùnrin yẹn, kò tilẹ̀ mọ ibi tí Pieve wà. Ká ní mo sọ ọ́, ǹ bá ti pa Gino lẹ́ẹ̀mejì.

Mo fẹ̀yìn tì. Maestra ti fi iṣẹ́ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ṣáájú, ó ń gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ní Torino, ó sì ń tọ́ mi sọ́nà lórí fóònù. Fẹ́mi ti di nọ́ọ̀sì, ó rí iṣẹ́ sí Australia, ó sì bí ọmọ níbẹ̀. Èmi àti ìyá rẹ̀ lọ kí ọmọ tuntun. Lẹ́yìn tí a ti gbé ọmọ tẹ́rùn, mo tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì, mo ń fi ìka wá lẹ́tà mẹ́rin inú òǹtẹ̀ yẹn lórí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin. Ìlú kan ní wọn. Wákàtí mẹ́rin ni sí ibi tí Fẹ́mi ń gbé.

Ó fi ọkọ̀ gbé mi lọ. Ọ̀nà gígùn kan péré ni ìlú náà, pẹ̀lú ilé ìtọ́jú ọkà tó ga ju gbogbo ilé lọ, ojú irin tí ọkọ̀ èrò kì í gbà mọ́, àti gbọ̀ngàn kan tí wọ́n fi páànù bò. Ilẹ̀ rẹ̀ pupa bíi bíríkì. Fẹ́mi wò ó, ó ní, "Papà, qui non c'è niente." Mo ní ìlú tí kò ní nǹkan kan kò tíì sí, ẹni tí kò wò ó ló wà.

A bẹ̀rẹ̀ ní itẹ́ òkú, bí Maestra ṣe kọ́ mi. A ka gbogbo òkúta níbẹ̀, Gino kò sí. Mo tún rò ó: ẹni tí kò sí ní itẹ́ òkú lè wà nílé. A lọ sí ilé-ìwé àtijọ́ tí wọ́n ti sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Màmá kan tó ń tọ́jú ibẹ̀ ní ìlú bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ojú irin dé. Mo bi wọ́n ní pẹ̀lẹ́ pé ta ló ni ilẹ̀ náà kí ojú irin tó dé. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní ìbéèrè yẹn ni ìlú àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ láti béèrè, wọ́n sì mú mi lọ síbi tí wọ́n kọ ìtàn àwọn onílẹ̀ sí, ọ̀dà ògiri rẹ̀ kò tíì gbẹ tán. Ṣùgbọ́n Gino, rárá, wọn kò mọ Gino.

A ti ń padà sídìí ọkọ̀ nígbà tí mo rí ilé kan ní ìparí ọ̀nà. Ilé pákó ni, bíi ti gbogbo wọn. Igi ọ̀pọ̀tọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lókè ilẹ̀kùn, ẹnìkan ti kan àpótí kékeré kan mọ́ ògiri, ó kùn ún ní búlúù, ó sì gbé Màríà sínú rẹ̀.

Mo kan ilẹ̀kùn. Bàbá arúgbó kan ṣí i, wọ́n tẹ̀ díẹ̀, ojú wọn mọ́. Mo kí wọn ní èdè abúlé Pieve: ṣé wọ́n sùn dáadáa, orúnkún ń kọ́, àwọn ọmọ ń kọ́, ọgbà àjàrà ń kọ́.

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Ìgbà wo ni àwọn ará Pieve di dúdú?"

Mo ní, "Ó ti pẹ́ díẹ̀, bàbá. Ẹ kò wálé wò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ilẹ̀kùn mú. Gino ni wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ló sọ wọ́n ní Jim, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ wọn dé inú gbogbo ìwé, kò yà mí lẹ́nu mọ́ pé fóònù kò rí wọn. Wọ́n mú wa jókòó, wọ́n fi wáìnì àjàrà wọn sí iwájú wa, wọ́n sì sọ ìdí tí lẹ́tà fi dákẹ́. Wọn kò mọ̀wé kọ. Ọ̀rẹ́ kan láti Verona ló ń bá wọn kọ ọ́, ọ̀rẹ́ náà sì bá iṣẹ́ lọ sí ibòmíràn. Wọ́n ní, "Mo ní màá wá ẹlòmíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Lẹ́yìn ogún ọdún, gbólóhùn wo ni èèyàn fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà bẹ́ẹ̀?" Èmi tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́ ọmọ ní ABD, mo bu wáìnì kún ife wọn.

Mo bi wọ́n léèrè ìdílé wọn. Ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, ọ̀kan tún wà lọ́nà. Ìdílé tí mo ní ó ti run nìyẹn.

Kọ́kọ́rọ́ náà wà lára ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n so ó mọ́ ìṣó, ó gùn tó ọwọ́ ọmọdé.

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ní Italy nígbà tí mo pe Torino. Maestra Bruna kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Ẹlẹ́rìí mélòó?"

Mo ní, "Òun fúnra rẹ̀, àti kọ́kọ́rọ́."

Ó ní, "Méjì. Ó tó. Pe Elide."

Ohun tí àbúrò àti ẹ̀gbọ́n sọ fún ara wọn, n kò ní kọ ọ́ síbí, ti wọn ni. Mo kàn máa sọ pé èmi àti Fẹ́mi jáde lọ dúró sábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, ó sì di ọwọ́ mi mú bó ṣe ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Ó fi Yorùbá sọ ọ́, ọmọ tí kì í fi Yorùbá dá mi lóhùn: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́."

Ọjọ́ orí Gino kò jẹ́ kí wọ́n lè wọ ọkọ̀ òfurufú mọ́. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn méjì ń bọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n Elide ní òun kò lè dúró di ẹ̀ẹ̀rùn. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Pieve ṣe péjọ síwájú ilẹ̀kùn yẹn lọ́jọ́ Sátidé kan, Maestra Bruna jókòó sórí àga tó ti Torino wá, Gino sì ń wò wá láti inú fóònù tí ìyàwó mi gbé sókè. Elide ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò rẹ̀. Kò yí. Ó ti dógùn-ún. Oníṣẹ́ farmacia, tí irun rẹ̀ ti funfun báyìí, sáré lọ gbé òróró wá, ó ní òun ti mọ̀ pé bí mo bá ti wà níbẹ̀, wọn yóò nílò òun.

Elide tún gbìyànjú, kò yí. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sí mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ìwọ lo ní kò sí ẹnikẹ́ni mọ́. Ìwọ ni kó o ṣí i."

Mo yí i. Ilẹ̀kùn náà dún bí ẹni tó jí láti ojú oorun, ó ṣí. Ìyẹ̀wù náà ṣókùnkùn, ó tutù, òórùn igi àtijọ́ jáde wá bá wa. Mo gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Láti inú fóònù, Gino pariwo bí ẹni pé ìyá wọn ló ń sọ̀rọ̀.

"Tíṣà, nu ẹsẹ̀ rẹ kí o tó wọlé."

Mo nu ẹsẹ̀ mi.